Òdòdó Tí Kì í Bẹ̀rù Ẹ̀ẹ̀rùn

Ọ̀rọ̀ òdòdó ni mo fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Ẹ mú ọgbà òdòdó kan tí ó gùn ní mítà 4, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 1, irú èyí tí ó máa ń wà níwájú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ lè fa tó lítà omi 4 tàbí 5 kúrò lójúmọ́ nínú mítà kọ̀ọ̀kan ọgbà náà, láti inú ilẹ̀ àti láti ara ewé. Garawa epo òyìnbó kan ń gba nǹkan bí lítà 18. Èyí ni pé bí òdòdó inú ọgbà náà bá jẹ́ irú èyí tí ń mu omi púpọ̀, garawa kan lójúmọ́ ni yóò máa gbà. Láti àárín oṣù Kọkànlá tí òjò ti lọ, títí di àárín oṣù Kẹta tí a tún ń retí rẹ̀, ó tó 120 ọjọ́. 120 garawa omi fún ọgbà kékeré kan ṣoṣo! Ta ni yóò sì rù ú? Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ ń gbọ́ mi ti mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí. Ọrùn yín ni ó mọ̀ ọ́n jù.

Mo ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ pẹ́ tó láti mọ bí ọ̀ràn náà ti máa ń parí. Ní oṣù Kẹwàá, ọgbà ń dán, àlejò ń yìn ín. Ní oṣù Kejìlá, odò bẹ̀rẹ̀ sí fà sẹ́yìn, kànga jìn, ìyá tí ó wà nílé sì ń wá omi tí yóò fi se oúnjẹ àti èyí tí yóò fi wẹ ọmọ. Lẹ́yìn èyí ni ìsinmi Kérésìmesì dé, oníkálukú lọ sí ilé bàbá rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bomi rin ohunkóhun. Nígbà tí a bá wọlé padà ní oṣù Kìn-ín-ní, igi gbígbẹ ni a óò bá nílẹ̀, olùkọ́ yóò sì máa wí pé ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ. Ní tèmi, n kò rò pé àwọn ọmọ ni ó jẹ̀bi. Irú òdòdó tí a yàn ni ó jẹ̀bi, àti ìgbà tí a gbìn ín.

Àwọn òdòdó kan wà tí a ń gbìn lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì ń wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọn kò dà bí àgbàdo tí ń hù, tí ń so, tí ó sì ń kú láàárín oṣù mẹ́rin. Nínú wọn ni a ti rí àwọn tí ó wá láti ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ kò tó tiwa, tàbí tí ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ gùn ju tiwa lọ, wọ́n sì ti mọ bí a ti ń pa omi mọ́. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí òdòdó rẹ̀ ń pa omi mọ́ sí yóò mọ bí yóò ti tọ́jú rẹ̀.

Ewé a máa làágùn gẹ́gẹ́ bí ènìyàn. Ó ní àwọn ẹnu kéékèèké tí ojú wa kò lè rí, ibẹ̀ ni ó ń gbà mí, ibẹ̀ náà ni omi ń gbà jáde. Bí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ mú ìgò funfun tí ó gbẹ dáadáa, ẹ ki ẹ̀ka ewéko kan tí ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́ bọ inú rẹ̀ láì gé e kúrò lára igi, kí ẹ fi òwú dí ẹnu ìgò náà. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú oòrùn fún wákàtí kan. Ẹ óò rí i tí omi ń kán sínú ìgò. Lẹ́yìn náà ẹ ṣe bákan náà fún ewé àbámọdá ní ọ̀sán gangan. Omi tí ẹ óò rí kò ní tó ti àkọ́kọ́ rárá.

Kí ló dé? Àbámọdá mọ ọgbọ́n kan tí ọ̀pọ̀ ewéko kò mọ̀. Ní ọ̀sán, nígbà tí oòrùn ń mú, ó pa àwọn ẹnu ewé rẹ̀ dé. Òru, nígbà tí ilẹ̀ tutù, ni ó ń ṣí wọn láti gba èyí tí ó fẹ́ nínú afẹ́fẹ́ fún oúnjẹ rẹ̀. Ó sọ ohun tí ó gbà di omi kíkan, ó tọ́jú rẹ̀ sínú ewé títí ilẹ̀ fi mọ́, nígbà tí oòrùn bá sì dé, ó ń lò ó pẹ̀lú ẹnu ní pípadé. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Benjamin Heyne, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Íńdíà, ṣàkíyèsí èyí ní nǹkan bí ọdún 1813. Ó tọ́ ewé náà wò ní òwúrọ̀, ó kan; ó tọ́ ọ wò lọ́sàn-án, kò ní adùn kankan mọ́; nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ó korò díẹ̀. Ahọ́n lásán ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ohun tí àwọn onímọ̀ ṣì ń kọ́ nípa rẹ̀ títí di òní. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má ṣe tẹ̀ lé Heyne o. Ewé tí a kò bá fún yín jẹ nílé, ẹ má fi ẹnu kàn án.

Ilẹ̀ Madagásíkà ni àbámọdá ti wá, bí ó tilẹ̀ ti di ọmọ ilé láàárín wa débi tí a fi fún un ní orúkọ tó dùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀dúndún, kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ewé àwọn méjèèjì nípọn, omi ni ó kún inú wọn, ìgbà ọyẹ́ gan-an sì ni wọ́n ń yọ òdòdó: ti àbámọdá ń rọ̀ sílẹ̀ bí agogo kéékèèké, ti ọ̀dúndún dúró ṣánṣán lórí igi gíga, ó pọ́n díẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé a ń ná owó lórí òdòdó inú ìkòkò tí ó ń kú lọ́sẹ̀ kejì, tí ọ̀dúndún sì wà lẹ́yìn ilé tí ẹnikẹ́ni kò rò láti mú un wá sí iwájú. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ewé àbámọdá tí ó bá bọ́ sílẹ̀ yóò yọ ọmọ ní etí rẹ̀ yíká, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò sì ta gbòǹgbò. Bí ẹ kò bá fi òkúta pààlà fún un, yóò gba gbogbo ọgbà.

Tannápoṣó ní ọgbọ́n tirẹ̀. Àwọn mìíràn ń pè é ní tannápowó. Ẹ̀yin tí ẹ ní in nílé mọ̀ pé lọ́sàn-án, òdòdó rẹ̀ a pa ojú dé bí ẹni tí ń sùn. Nígbà tí ó bá di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a ṣí, òórùn dídùn a gba àyíká, a sì wà bẹ́ẹ̀ títí di òwúrọ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá sí ọ̀dọ̀ wa. Bí ẹ bá gbẹ́ ìdí èyí tí ó ti pẹ́, ẹ óò bá gbòǹgbò ńlá kan tí ó dà bí iṣu. Níbẹ̀ ni ó kó omi àti oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ sí. Nítorí náà, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá le jù, tí igi àti ewé rẹ̀ rọ tí ó gbẹ, ẹ má ṣe hú u dànù. Ó ń sùn ni. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, yóò rú jáde. Mo mọ ọgbà kan tí àwọn ọmọ ń hú u sọnù lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń wá èso rẹ̀ gbìn lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń wá wà nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èso rẹ̀ dúdú, ó rí bí iyèrè. Májèlé wà nínú rẹ̀ àti nínú gbòǹgbò náà, kí a má ṣe jẹ́ kí ọmọ kékeré fi í ṣeré.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a dé ọ̀dọ̀ bougainvillea, ọlọ́lá àwọn òdòdó ojú oòrùn, èyí tí a máa ń rí lórí ọgbà ilé ńláńlá, tí ó pọ́n, tí ó funfun, tàbí tí ó ní àwọ̀ elésè àlùkò. Ohun tí ẹ ń pè ní òdòdó rẹ̀ kì í ṣe òdòdó. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹ óò rí i pé ewé ni, ó ní iṣan bí ewé, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó yàtọ̀. Òdòdó gan-an ni ohun funfun tín-ín-rín tí ó wà láàárín ewé mẹ́ta náà, tí ènìyàn kì í tilẹ̀ kà sí. Nítorí pé ewé ni, kì í tètè rọ bí òdòdó mìíràn, èyí sì ni ó fi ń pẹ́ lójú oòrùn.

Ìtàn orúkọ rẹ̀ dùn. Ní ọdún 1766, ọ̀gákọ̀ ilẹ̀ Faransé kan, Louis Antoine de Bougainville, gbéra láti yí ayé ká nínú ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí wọ́n dé Rio de Janeiro ní ilẹ̀ Bùràsílì ní ọdún 1767, onímọ̀ ewéko tí ó wà pẹ̀lú wọn, Philibert Commerson, rí igi yìí, a sì fi orúkọ ọ̀gákọ̀ náà pè é. Commerson ní olùrànlọ́wọ́ kan tí gbogbo inú ọkọ̀ rò pé ọkùnrin ni. Obìnrin ni! Jeanne Baret ni orúkọ rẹ̀. Òfin kò gba obìnrin láàyè nínú ọkọ̀ ogun wọn nígbà náà, nítorí náà ni ó fi wọ aṣọ ọkùnrin. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó yí ayé ká lójú omi. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ rántí rẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá rí òdòdó yìí.

Gbòǹgbò bougainvillea ń lọ jìnnà. Ẹni tí ó bá ń bomi rin ín lójoojúmọ́ lẹ́yìn tí ó ti fìdí múlẹ̀ ń ba tirẹ̀ jẹ́ ni: yóò yọ ewé tútù lọ́pọ̀lọpọ̀, kò sì ní tanná. Nígbà tí omi bá dín, tí oòrùn sì ń mú, ìgbà náà ni àwọ̀ rẹ̀ ń jáde. Bákan náà ni bí ẹ bá da ìgbẹ́ adìẹ púpọ̀ sí ìdí rẹ̀. Nítorí pé ó máa ń fẹ̀ tí ó sì ní ẹ̀gún, ẹ gbìn ín sí ìpẹ̀kun ọgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí ó jìnnà sí ibi tí àwọn ọmọ ń sáré.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ọgbà ilé-ìwé ni òdòdó kékeré tí àwọn òyìnbó ń pè ní periwinkle. Ẹ ti rí i: kò ga kọjá orúnkún, ewé rẹ̀ ń dán, òdòdó rẹ̀ ní ewé márùn-ún tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó funfun tàbí ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́, ojú kékeré kan sì máa ń wà láàárín rẹ̀. Kò sí oṣù tí kì í tanná. Ọmọ ilẹ̀ Madagásíkà ni òun pẹ̀lú. Àwọn kan ní erékùṣù Jàmáíkà a máa fi ewé rẹ̀ ṣe àgbo fún ìtọ̀ ṣúgà. Nígbà tí Robert Noble àti Charles Beer yẹ̀ ẹ́ wò ní ilẹ̀ Kánádà, wọn kò rí i pé ó mú ṣúgà dín, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ó ń dín àwọn ẹ̀yà funfun inú ẹ̀jẹ̀ kù. Ní ọdún 1958 ni wọ́n sọ fún ayé nípa oògùn tí wọ́n fà yọ lára rẹ̀, vinblastine. Òmíràn tún jáde láti ara òdòdó yìí kan náà, vincristine, èyí tí àwọn dókítà fi ń wo jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ọmọdé. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí sè é mu o! Oògùn tí a fi abẹ́rẹ́ gún ní ìwọ̀n tí dókítà mọ̀ yàtọ̀ sí àgbo inú ìkòkò, ewé yìí lè ṣe ènìyàn ní ibi.

Àwọn méjì kan tún wà tí n ó kàn dárúkọ. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ń pè ní adé ẹ̀gún, nítorí adé tí a fi dé Jésù lórí. Èkejì ni adenium, tí ó ń hù fúnra rẹ̀ ní ilẹ̀ gbígbẹ òkè ọ̀hún, láti Senegal títí dé Sudan, tí ìdí rẹ̀ sì wú bí ìkòkò nítorí omi tí ó kó sínú. Nígbà mìíràn gbogbo ewé adenium a wọ́ dànù nínú ẹ̀ẹ̀rùn, òdòdó pupa nìkan a sì kù lórí igi. Oje àwọn méjèèjì burú: ti adé ẹ̀gún ń ba ojú jẹ́, ti adenium ni àwọn ọdẹ fi ń pa májèlé sí ọfà. Ilé àgbà ni kí a gbin wọn sí, kì í ṣe ilé-ìwé ọmọ wẹ́wẹ́.

Ó kù bí a óò ti gbìn wọ́n. Ẹ gbọ́ ohun tí ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: ní ilẹ̀ wa, òjò oṣù Kẹfà àti oṣù Keje ń pa irú òdòdó wọ̀nyí ju bí oòrùn oṣù Kìn-ín-ní ti ń pa wọ́n lọ. Òjò Ìbàdàn tó nǹkan bí milímítà 1,250 lọ́dún, nínú oṣù díẹ̀ ni púpọ̀ rẹ̀ sì ń rọ̀. Bí omi bá dúró sí ìdí wọn, gbòǹgbò yóò jẹrà. Nítorí náà, ẹ gbé ọgbà yín sókè bí ebè, ó kéré tán ìdajì ẹsẹ̀ bàtà, kí ẹ po yanrìn mọ́ ilẹ̀ rẹ̀ bí amọ̀ bá pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe gbìn wọ́n sí abẹ́ etí òrùlé níbi tí omi páànù ń dà sí.

Ẹ tún wo ibi tí oòrùn ń gbà. Àwa tí a wà ní ìlú bí Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ àti Abẹ́òkúta, oòrùn ọ̀sán ń yà sí apá àríwá wa ní oṣù Kẹfà, ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá, apá gúúsù ni ó ń yà sí gidigidi. Ọgbà tí ó wà ní apá gúúsù ilé ni yóò rí oòrùn ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Ti apá àríwá yóò wà lábẹ́ òjìji ògiri. Bougainvillea àti periwinkle ń fẹ́ gúúsù. Ọ̀dúndún lè gbádùn àríwá.

Ìgbà tí ó yẹ kí a gbìn ni oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà, kí gbòǹgbò lè rìn wọlẹ̀ fún oṣù márùn-ún kí òjò tó lọ. Ohun tí a bá gbìn ní oṣù Kẹwàá nítorí pé àlejò ń bọ̀ wá wo ilé-ìwé, ọmọ ọwọ́ ni yóò jẹ́ nígbà tí ọyẹ́ bá dé. Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ bo ilẹ̀ ọgbà gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti ń fi koríko bo orí ebè iṣu. Níbi tí ikán bá pọ̀, koríko gbígbẹ yóò pè wọ́n wá. Òkúta wẹ́wẹ́ ni kí ẹ lò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ohun tí a fi bo ilẹ̀ jìnnà díẹ̀ sí ìdí igi.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, garawa 2 lọ́sẹ̀ ti tó fún ọgbà mítà 4 tí a ní lẹ́ẹ̀kan. Ìdí òdòdó kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ rọra dà á sí, ní ìrọ̀lẹ́, kí ó lè wọlẹ̀ lọ. Omi díẹ̀díẹ̀ tí a ń fọ́n lójoojúmọ́ kò kọjá òkè ilẹ̀, gbòǹgbò yóò sì dúró sí òkè náà láti máa retí rẹ̀, ibẹ̀ ni oòrùn yóò ti bá a. Garawa 2 lọ́sẹ̀ láti àárín oṣù Kọkànlá títí di àárín oṣù Kẹta jẹ́ nǹkan bí 34. Ẹ fi í wé 120. Bí ẹ bá bomi rin wọ́n dáadáa ní ọjọ́ tí ilé-ìwé ń tì, wọn yóò dúró de yín títí ẹ óò fi dé láti ibi Kérésìmesì. Ní ọdún kejì, àwọn tí ó ti fìdí múlẹ̀ kò ní béèrè tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò ní owó láti ra bougainvillea lè tọrọ ẹ̀ka lọ́wọ́ aládùúgbò nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka tí ó ti gbó díẹ̀, tí ó nípọn tó pẹ́ńsùlù, tí ó sì gùn tó ìbú ọwọ́ méjì, ni kí ẹ gé. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, ẹ gbìn ín sínú yanrìn tútù níbi òjìji, kí ẹ má sì fà á wò lójoojúmọ́ bóyá ó ti ta gbòǹgbò. Ẹ gbin mẹ́wàá bí ẹ bá fẹ́ márùn-ún, nítorí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò yè. Nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, ẹ lè gbé èyí tí ó yè lọ sí ojú oòrùn. Ẹ fi ẹ̀gún yí i ká kíákíá, nítorí ewúrẹ́ fẹ́ràn ewé rẹ̀ púpọ̀. Ti periwinkle korò, ewúrẹ́ kì í sábà dé ibẹ̀.